Ohun Tó Wà Nínú Ṣòkòtò Àbíjàn

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, èmi ni mo dá àṣà ṣòkòtò kan sílẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Mi ò fọ́nnu. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gbọ́njú nígbà náà. Ṣòkòtò ọ̀hún fẹ̀ láti ìbàdí dé orókún débi pé ọmọ méjì lè sá pamọ́ síbẹ̀, ó ní ìṣẹ́po mẹ́fà níwájú, ó sì fún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. "Àbíjàn" làwọn èèyàn ń pè é, torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kodifuà dé, níbi tí mo ti fi ọdún méjìlá ránṣọ. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní, "Pàtírọ̀ọ̀n, ẹ bá mi rán Àbíjàn kan." Pàtírọ̀ọ̀n ni wọ́n ń pe ọ̀gá lọ́hùn-ún, àwa tá a lọ sì gbé e bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹrù.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń wọ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ ní Àbíjàn. Ká ní mo wọ̀ ọ́ jáde níbẹ̀ ni, wọn ì bá ní mo jí ìrẹsì kó sínú rẹ̀. Ìpá ni mo fi ń bò.

Gbogbo ọdún mẹ́jọ ló fi wà lára mi. Níbẹ̀rẹ̀, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, bí mo bá sì ti dùbúlẹ̀ á wọlé padà. Nígbà tó yá, ó di ohun tí mo ní láti wá ilé fún. Ẹlòmíì ì bá wá oògùn lọ. Télọ̀ ni mí, aṣọ ni mo wá. Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tì, mo ń lo ọlọ́wọ́, mo sì ń sọ fáwọn èèyàn pé ọlọ́wọ́ ló lòde ní Àbíjàn. Ní mọ́ṣáláṣí, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń dúró sí, nítòsí bàtà, kí ẹnikẹ́ni má baà wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń foríkanlẹ̀. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi pọ̀. Lẹ́mọ́mù tiẹ̀ fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí lọ́jọ́ kan, mo sì tẹ orí ba bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé nǹkan yìí lọ han dókítà."

"Dókítà wo? Àwọn tó ń fúnni ní hóró oògùn ibà yìí?"

"Ẹ lọ sí Ìbàdàn nígbà náà."

Bó bá ti dárúkọ Ìbàdàn, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni. Ìyàwó mi mọ ìdí rẹ̀. Irú ohun tó ń ṣe mí yìí ló ṣe bàbá mi. Oko rẹ̀ lọ́nà Ìsúndúnrin ló wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìpá náà yọ, tó kọ̀ tí kò padà mọ́. Kò sẹ́ni tó lè la èèyàn ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà, ni wọ́n bá gbé e wọ bọ́lẹ́kájà tó ń lọ Ìbàdàn. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni awakọ̀ ń dúró gbé èrò, ó tún wá dúró gbé ata, ó ń bá obìnrin aláta jiyàn ibi tí apẹ̀rẹ̀ máa jókòó sí, bàbá mi sì ń làágùn sí mi lára. A ò tíì dé Ìwó tó fi dákẹ́. Mo bínú sí aláta yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò mọ ohunkóhun. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀ ata kọjá lára mi, inú mi máa ń bàjẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni àwọn méjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, irun orí rẹ̀ funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dún bíi ti ará Ìjẹ̀bú; àti dókítà ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé ìwòsàn wa. Àgbàlagbà yìí ti fi ilé ìwòsàn ńlá sílẹ̀. Ṣe ló ń lọ láti ìlú kékeré kan sí òmíràn, á gbé oṣù bíi mélòó kan níbẹ̀, á máa kọ́ àwọn dókítà kékeré ní irú iṣẹ́ abẹ tó ń lé èèyàn lọ sí Ìbàdàn: ìpá, ìfun tó lọ́, aboyún tí ọmọ há sí lára. Aṣọ ilé ìwòsàn ló fẹ́ rán. Mo bi í pé kí ló dé tí kò rà á láti Ìbàdàn, tó fi wá sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Ọ̀gá Télọ̀, mi ò wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín lọ títí. Mo wá fi í sílẹ̀ níbí ni. Bí mo bá kó aṣọ wá láti Ìbàdàn, lọ́jọ́ tó bá ya, ta ni yóò tún un rán?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì mi, ó fi bírò yà á. Ó ní òun ń fẹ́ aṣọ méjìlá, aláwọ̀ ewé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó èèyàn, kó ní ihò roboto kan láàárín tó tó ẹnu abọ́ kékeré. Ó ní aláìsàn ni wọ́n máa fi bò. Ó béèrè bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Télọ̀ tó gbé Àbíjàn fún ọdún méjìlá kì í bi oníbàárà léèrè ibi tí orí máa gbà.

Nígbà tí mo gé àkọ́kọ́ tán, àánú dókítà ṣe mí. Ọkùnrin tó kàwé tó báyìí, ó rántí ọrùn, ó gbàgbé apá! Mo bá a rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, mo fi ibi tí ọwọ́ máa gbà sílẹ̀. Mo wo ọrùn, ó gbófo. Aláìsàn náà èèyàn ni, ó yẹ kó wuyì. Mo mú òwú sílíkì tí mo kó bọ̀ láti Kodifuà, mo fi ṣe iṣẹ́ ọnà yí ọrùn ká, irú èyí tá à ń ṣe sí agbádá ọkọ ìyàwó. Méjìlá gbáko. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, èyí tí mo bá sì ṣe tán, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbé e kọ́ sí kí aráyé rí i. Èèyàn mẹ́ta béèrè bóyá mo lè bá àwọn rán irú rẹ̀ fún ọdún iléyá.

Dókítà àgbà dé, ó mú ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó bá ti orí bọ̀ ọ́. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti awò ojú rẹ̀, nínú dáńṣíkí aláwọ̀ ewé tó balẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lú ọrùn ọkọ ìyàwó. Dókítà ọmọbìnrin fọwọ́ bo ẹnu. Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó di ògiri mú. Inú bí mi. Mo ní ṣé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí ló ṣe ọrùn?

"Ọrùn dáa, Ọ̀gá Télọ̀. Ọrùn dáa ju èyí tó wà lára mi lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ló ń gba ibẹ̀. Ibi tí a bá fẹ́ là lára èèyàn ló máa ń yọjú níbẹ̀. Gbogbo ara yòókù á wà lábẹ́ aṣọ."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó fi àtàǹpàkò pa etí ihò náà, ó dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní bí wọ́n bá ti ń se àwọn aṣọ wọ̀nyí nínú omi gbígbóná lójoojúmọ́, etí ihò wọn ló máa ń kọ́kọ́ tú. Èyí tí mo fi sílíkì ṣe yìí kò ní tú láéláé. Ó ní kí n tú ẹ̀gbẹ́ nìkan, kí n fi ọrùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi rọ̀ díẹ̀.

Mo fẹ́ gbé irin eléèédú kúrò lórí tábìlì kí wọ́n lè ráyè, ọwọ́ mi kan sì sáré lọ dì mí mú nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an. Àgbàlagbà náà rí i.

"Ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀?"

"Kí ni?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ṣòkòtò bò."

"Àṣà Àbíjàn ni, Dókítà."

Ó wo ṣòkòtò náà látòkè délẹ̀. "Ó dára. Lọ́jọ́ tí àṣà náà bá kọ̀ tí kò padà wọlé, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá o."

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ọmọbìnrin náà nìkan ló padà wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ọ̀gá òun sọ pé ọwọ́ òun dára nínú gígé, ṣùgbọ́n rírán òun le jù, pé kí òun wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo ní bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe dókítà. Ó ní ó gbà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé rẹ̀ nílé ìwòsàn, "ẹ̀yin" ni. Bó bá ti tẹ ẹnu ọ̀nà mi, "ìwọ" ni.

Àkísà ni mo kọ́kọ́ fún un, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi aṣọ oníbàárà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó ń fa okùn bí ẹni tó ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

"Má fà á jù!" ni mò ń pariwo. "Aṣọ méjì tó fẹ́ máa gbé pọ̀, ṣe lo máa mú wọn fẹnu kanra. Ta ló ní kó o fún wọn lọ́rùn? Bó o bá fà á jù, á súnkì. Tú u!"

"Ohun tí ọ̀gá mi náà ń wí nìyẹn, Bàbá."

Ó dùn mọ́ mi pé èmi àti dókítà àgbà jọ mọ ohun kan náà, mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi. Ó tún ní irú kókó kan tó ń ta, ọwọ́ kan ló fi ń ta á, wéréwéré, lára ẹsẹ̀ àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ àga náà ti kún fún kókó okùn dúdú láti òkè délẹ̀. Dírẹ́bà kan wà, ará ìlú Ara nítòsí wa, tó ń ná Ẹ̀jìgbò sí Ẹdẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Àbíjàn bíi tirẹ̀: mẹ́rin ni mo ti rán fún un. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ jókòó, ó rí àwọn kókó náà, ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fẹ́ dì mọ́ àga yìí?"

Mo ní dókítà ló ń kọ́ṣẹ́. Ó ní irú dókítà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tòun. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, láti ìgbà náà, òòró ló ń dúró bó bá wá.

Mo lé ọmọbìnrin náà gan-an. Mo mú un tú rírán kan ní ìgbà mẹ́fà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyàwó mi pè mí sẹ́yìn ilé. "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o. Dókítà lẹ ń lé yẹn. Ẹ ò mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bọ́ sí i lọ́wọ́." Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀.

Oṣù kan kò pé. Mo ti kí àsùbá tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó yọ, ó kọ̀ láti padà. Mo dùbúlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ògiri, mo ń tì í, ó ń tì mí. Wákàtí kan kọjá. Ìyàwó mi dúró tì mí, kò bú mi, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo ń gbọ́ ohùn aláta náà lójú ọ̀nà Ìwó, "Ẹ sún un síwájú, ẹ sún un síwájú." Ẹ̀rù ikú bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tó yá, ó dún pọ̀kọ̀, ó wọlé. Mo dìde jókòó, mo ní, "Ìyá Ìbejì, mò ń lọ." Ó bú sẹ́kún. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bàbá mi ló pa òwe yìí fún mi, ó sì tó ọgbọ̀n ọdún kí n tó gbọ́ ọ.

Wọ́n dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún mi. Mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé mò ń lọ ra òwú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbé báàgì ìrìn-àjò, mo dágbére fún gbogbo èèyàn, mo gba gáréèjì kọjá kí wọ́n lè rí mi, mo wá yí gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sí ilé ìwòsàn, mò ń wo ẹ̀yìn wò bí olè.

Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin méje ti jókòó síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo ilẹ̀, torí ojú ń tì mí, ẹsẹ̀ wọn ni mo sì rí. Mo rí ẹnu ṣòkòtò tó fún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Mo gbójú sókè díẹ̀. Ìṣẹ́po mẹ́fà. Mo wo ti ẹnì kejì: ìṣẹ́po mẹ́fà. Márùn-ún nínú àwọn méje ló wọ Àbíjàn. Àfáà kan tó máa ń yin ṣòkòtò náà pé ó rọrùn láti fi kírun wà níbẹ̀. Dírẹ́bà ará Ara wà níbẹ̀, ó fi fìlà bojú, ṣùgbọ́n ta ni mo rán aláwọ̀ eérú yẹn fún bí kò ṣe òun?

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Fún ọdún bíi mélòó kan, mo ti ń sùn, mo ń jí pẹ̀lú ìgbéraga pé èmi ni mo kọ́ Ẹ̀jìgbò láṣọ wíwọ̀. Àṣé ṣe ni àwọn tó ní ohun tí wọ́n fẹ́ bò rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni dírẹ́bà sọ láìyí ojú, "wọ́n ní ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìwọ ńkọ́? O ò lọ sí Ẹdẹ?"

Àfáà ní oògùn ojú lòun wá gbà. Nọ́ọ̀sì kan wá yọrí síta, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá fún ìpá, ẹ dìde kí n kà yín." Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún un wí. Àfáà ń wo òkè, dírẹ́bà ń wo èékánná rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wò wá láti ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì dé ìpẹ̀kun kejì, ó wo ṣòkòtò wa, ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin tí télọ̀ kan náà ránṣọ fún, ẹ dìde." Àfáà ló kọ́kọ́ búsẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí ẹni méjì fi di ìsàlẹ̀ ara wọn mú pẹ̀lú ìrora.

Dókítà àgbà wá bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọlé, pé dókítà ọmọbìnrin náà ni yóò ṣe é, òun á dúró tì í, òun ò ní fọwọ́ kàn án àyàfi bó bá di dandan.

Dírẹ́bà dìde. "Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́? Èyí tó ń dì kókó mọ́ àga?" Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bíréèkì ọkọ̀ òun ò dáa. A ò rí i mọ́ lọ́jọ́ náà.

Èmi náà fẹ́ sá. Mo ti mú báàgì mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá, mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún gbogbo ìlú pé mi ò kọ́ ọmọbìnrin náà dáadáa nìyẹn. Ọmọ mi ní rírán ni. Mo gbé báàgì sílẹ̀. Mo kàn bi í pé, "Dókítà, kí lẹ ti rán ṣáájú tèmi?"

"Mo ti rán mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀gá mi, Bàbá. Àti gbogbo àkísà yín."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kú bí igi, ṣùgbọ́n ojú mi là, etí mi sì ń gbọ́. Wọ́n ta aṣọ kan sí ọ̀gangan àyà mi kí n má baà ríran. Kí wọ́n tó ta á, mo rí èyí tí wọ́n fi bo ìyókù ara mi. Iṣẹ́ ọnà sílíkì mi ni. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́jọ gbé pamọ́ fún gbogbo ayé ló wá yọjú láàárín ọrùn agbádá ọkọ ìyàwó, tí èèyàn mẹ́rin sì pagbo yí i ká, tí wọ́n ń fi fìtílà wò ó. Ọlọ́run mọ bó ṣe ń dáni lẹ́jọ́.

Mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin. Ó pẹ́ díẹ̀, mo ní, "Irú okùn wo lẹ fi ń rán an?"

Dókítà àgbà ní, "Ọ̀gá Télọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́."

Mo ka yásíìnì. Mo wá gbọ́ tí àgbàlagbà náà sọ jẹ́jẹ́ pé, "Rọra. O ti fà á jù níbẹ̀ yẹn."

"Mo ti sọ fún un!" ni mo pariwo láti abẹ́ aṣọ. "Tú u!"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà. "Mo ti ń tú u, Bàbá." Nọ́ọ̀sì kan ní láti jáde lọ rẹ́rìn-ín síta.

Mo padà sílé lọ́jọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ láìní òwú Ògbómọ̀ṣọ́ kankan lọ́wọ́. Kò sì sẹ́ni tó béèrè, torí àfáà ti sọ gbogbo rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, ló wí, ó sì nawọ́ sí ṣòkòtò mi láàárín ìjọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn onípá Ẹ̀jìgbò, Ola àti Ìsúndúnrin ti ń rọ́ wá. Kò sẹ́ni tó tún rán Àbíjàn mọ́. Ọjà mi rọ̀. Àwọn tó ti ń wọ aṣọ fífẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń fẹ́ èyí tó fún, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi náà rán ọ̀kan fún ara mi. Mo lọ dúró ní ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn lẹ́mọ́mù gan-an.

Dókítà àgbà kúrò. Ìlú kékeré míì ń dúró dè é. Dókítà ọmọbìnrin náà ló kù, àwọn aṣọ aláwọ̀ ewé sì ń padà wá sọ́dọ̀ mi bí ẹ̀gbẹ́ wọn bá ya. Ọrùn wọn kò tú.

Dírẹ́bà ará Ara nìkan ló ṣì ń wọ Àbíjàn káàkiri ìlú. Bí mo bá bá a wí, á ní òun ò rí dókítà ọkùnrin kankan nílé ìwòsàn mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, mo gbọ́ igbe láti gáréèjì. Mo sáré lọ. Òun ni, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ká orókún mọ́ra, ó ń làágùn. Mo mọ òógùn yẹn. Òógùn bàbá mi ni. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n àwọn ará Ara tó tẹ̀ lé e ń pariwo pé Ìbàdàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e. Òun tìkára rẹ̀ sì di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú, ó ń kérora, ó ń sọ láàárín ìkérora pé kò sẹ́ni tó máa wa ọkọ̀ òun.

Mo bá ara mi níwájú ilẹ̀kùn, mo na apá méjèèjì. "Ẹ má gbé e wọ mọ́tò! Kò ní dé Ìwó!"

Dókítà ọmọbìnrin náà jáde. Ó ti ṣe ìpá púpọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èyí tó há báyìí, kò tíì dá a ṣe láìsí ọ̀gá rẹ̀ rí. Ó fọwọ́ kan ikùn ọkùnrin náà, ó wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí kí àgbàlagbà náà yọ. Ó wá wò mí.

"Bàbá, aṣọ wa wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi mú un wá."

Mo sáré. Mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé mi kí n tó rí i pé mò ń sáré. Ọdún mẹ́jọ ni mi ò fi sáré. Ìyàwó mi ju aṣọ náà sí mi, mo tún sáré padà, àwọn ọmọdé ń pariwo lẹ́yìn mi, "Pàtírọ̀ọ̀n ń sáré o!"

Wọ́n gbé e wọlé. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí ọ̀nà, mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, mo ń kà wọ́n. Wọ́n pe àsárì, a ò dìde, a jókòó kírun níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọmọbìnrin náà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣí fìlà orí rẹ̀.

"Ìfun rẹ̀ ti ń dúdú," ló wí. "Nígbà tí mo tú ibi tó há, mo dúró wò ó. Ó padà pọ́n. Ó wà láàyè."

Ìyàwó dírẹ́bà dojúbolẹ̀. Èmi ò rí ohun míì bi í.

"Ṣé o fà á jù?"

"Mi ò fà á jù, Bàbá."

Mo sunkún. Mo sunkún bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì náà níwájú gbogbo èèyàn, èmi tí mi ò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín. Sísọ́ọ̀sì mi wà lápò, èyí tí mo rà ní Kodifuà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ wa, sísọ́ọ̀sì ni ọ̀gá ń fi lé e lọ́wọ́. Mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde, Dókítà. Ẹ lọ jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí dírẹ́bà. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé Àbíjàn aláwọ̀ eérú kúrò lára rẹ̀, ó wà nínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣì di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rán ṣòkòtò míì."

"Irú wo?"

Ó yíjú sí ògiri. "Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀."

Mo fa téèpù yọ lápò, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.